Ìlà Pèrègún Ẹ̀yìn Ilé Màmá Pobẹ̀

Òórùn èso atáńgà tó ń hó nínú omi iyọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ Bàbá àgbà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Libreville mọ òórùn náà: ó kan, ó lọ́ràá, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tí wọ́n bá sá sẹ́bàá iná. Ògiri pákó ni gbogbo ilé àgbàlá wa ní Venez-Voir, nítorí náà ohun tí ẹnì kan bá ń sè, imú gbogbo wa ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n màmá mi kì í se atáńgà ní kùtùkùtù. Bí ẹ bá rí i tó ń sè é kí oòrùn tó yọ, àlejò ńlá ń bọ̀, tàbí ìjà ńlá. Mo dìde jókòó lórí ẹní, mo na etí sí ògiri. Mo fura.

Ìfura kì í ṣe ìwà burúkú nílé wa. Bí àwọn ìyá mìíràn ti ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ tọ́ ọmọ ni màmá mi fi ìfura tọ́ mi. "Páńsá ò fura, páńsá jáná, àjà ò fura, àjà jìn." Mo lè ka gbólóhùn yẹn kí n tó lè ka ABD. Bí ó bá ń ra ẹja ní ọjà Mont-Bouët, yóò ṣí etí ẹja náà wò, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò tún wo ojú ẹni tó ń tà á. Bí aládùúgbò bá kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, yóò dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn bá ti padé, yóò ní, "Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi ná?"

Kò sì sí ẹni tí a fura sí ní gbogbo Gàbọ́n tó Màmá Pobẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ náà ti rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Káfíńtà ni Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi. Nígbà tí igbó ṣì ṣú ní PK12 lẹ́yìn ìlú, tí àwọn èèyàn ń bi í léèrè bóyá ọ̀bọ ló fẹ́ máa bá gbé, ó ra ilẹ̀ gígùn kan níbẹ̀. Iwájú rẹ̀ kan ọ̀nà ọlọ́dà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan odò kékeré kan tó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àràárọ̀ Sátidé ni a jọ máa ń wọ kílàńdò lọ síbẹ̀, èmi àti òun, tí wọ́n á fún wa mọ́ra nínú ọkọ̀ àtijọ́ náà bí ẹja inú agolo. Bàbá àgbà á gbé àdá lé orí itan, á sì máa sọ̀rọ̀ pèrègún.

Pèrègún ni àwọn baba wa fi ń pààlà. O kàn gé ọ̀pá rẹ̀, o tì í bọ ilẹ̀, ó yè. Bí o bá gé e lórí, á yọ ẹ̀ka méjì. Bí o bá sun igbó, á tún rú láti ìdí. Bí ewé bá ti ń wọ́ dànù lára rẹ̀, ó ń fi àmì òrùka sílẹ̀ yí ọ̀pá ká, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, débi pé ẹni tó bá fara balẹ̀ lè fi ojú mọ èyí tó dàgbà ju èkejì lọ. Bàbá àgbà ló kọ́ mi ní èyí. Ó ní, "Bébà ń bẹ̀rù òjò, Àbẹ̀kẹ́. Òjò ni pèrègún ń mu." Èmi náà ti ọ̀pá bọ ilẹ̀ ní apá ẹ̀yìn, ní tòsí odò, níbi tí ó ní ìlà kan yóò gbà kọjá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá Pobẹ̀ dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà pẹ̀lú ẹrù kan lórí àti ìkòkò dúdú kan lọ́wọ́. Ó dàgbà ju bàbá mi lọ, irun iwájú rẹ̀ ti ń funfun. Pobẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló ti wá, Yorùbá rẹ̀ sì jẹ́ ti Nàgó: a gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ mọ́ wa létí. Bàbá àgbà kan ilé pákó fún un níwájú, ní etí ọ̀dà gan-an, ó sì sọ fún gbogbo ilé pé olùṣọ́ ilẹ̀ ni. Ó ń gbin ẹ̀gẹ́ yí ilé rẹ̀ ká, ó ń sè é, ó ń dì í sínú ewé, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń kọjá.

"Olùṣọ́ ilẹ̀," ni màmá mi wí nígbà tí a padà sílé. "Olùṣọ́ wo ni wọ́n ń fi sí ibi tó dára jù?"

Ohun méjì ni obìnrin náà máa ń ṣe tó ń bí màmá mi nínú. Àkọ́kọ́, bí bàbá mi bá yọ, á kígbe láti ibi ìdáná rẹ̀, "Ṣẹ́gun! O ti dé?" Ṣẹ́gun gbalaja bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń pe ọmọdé wá gba iṣẹ́. Bàbá mi, tó jẹ́ ọlọ́wọ̀, á ní, "Ẹ kú ilé, Màmá." Èkejì, màmá mi fúnra rẹ̀, kì í pè é ní Màmá Àbẹ̀kẹ́ bí gbogbo ayé ti ń pè é. Ó ń pè é ní Ìyàwó. "Ìyàwó, wá gba omi mu." "Ìyàwó, ó mà rẹ̀ ọ́ o."

"Ìyàwó ta ni mo jẹ́ fún un?" Màmá mi á bú jáde nínú kílàńdò, gbogbo èrò á sì yíjú wò wá. "Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ yìí ò mọ ọ̀wọ̀ rárá. Ó ń pe ọkọ mi lórúkọ!"

Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá wa ti rí. Obìnrin tí a gbé wá sílé ọkọ kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé náà lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ṣáájú kí ó tó dé. Gbogbo wọn ni ọkọ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi, ọmọ ìyàwó kejì Bàbá àgbà, Ẹ́ríìkì ni gbogbo Libreville ń pè é. Ibí ni wọ́n bí i, Faransé ló sì fi ń lá àlá. Ṣùgbọ́n màmá mi kò pe Ẹ́ríìkì rí. Nítorí pé ọ́fíìsì ni ó ń ṣiṣẹ́, ó sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Bí wọ́n bá ń bá a jà pàápàá, "Akọ̀wé, ẹ máà bínú sí mi" ni.

Ìparí èrò màmá mi ni pé ìyàwó kọ̀rọ̀ Bàbá àgbà ni Màmá Pobẹ̀, pé ó sì ń dúró kí bàbá kú kí ó lè gba ojúde. Mo gbà á gbọ́. Mo máa ń ṣọ́ obìnrin náà bí ológbò ti ń ṣọ́ ihò. Bí ó bá fún mi ní ẹ̀gẹ́ dídì, mo máa ń gbà á, mo sì máa ń sọ ọ́ sódò, kí ó má baà fi oúnjẹ rí ọkàn mi gbà.

Ní ọdún tí Bàbá àgbà máa kú, olùkọ́ wa ní kí kálukú ya igi ìdílé rẹ̀. Ó ya àpẹẹrẹ sójú pátákó: bàbá àgbà kan, ìyá àgbà kan, ẹ̀ka méjì tó tẹ́jú bí apá òṣùwọ̀n. Mo ya Bàbá àgbà, mo ya Ìyá àgbà tó bí bàbá mi, mo tún ya ìyá Bọ̀ọ̀dá Ẹ́ríìkì, tó ti padà sí Ìbàdàn. Olùkọ́ fi yíǹkì pupa fa ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀ lé ẹ̀ka kẹta lórí. Mo gbé e lọ fi han Bàbá àgbà, pé igi wa kò tọ̀nà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Òótọ́ ni, kò pé." Kò sọ pé ó pọ̀ jù. Ó ní kò pé. Èmi náà kò fura sí i lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n fura.

Bàbá àgbà kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Ẹ́ríìkì ti rí ẹnìkan tó fẹ́ ra ojúde náà láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri pákó. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ kí wọ́n pín ogún ní orí-ò-jorí, nítorí ọmọ mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ bí. Bàbá mi fẹ́ ìdí-igi, kí ìyá kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan, nítorí òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ṣùgbọ́n lórí Màmá Pobẹ̀, ohùn wọn kò yà. "Lọ́jọ́ tí a bá pín in tán, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ," ni Bọ̀ọ̀dá wí. Màmá mi ní, "Àmín."

Ohun tí atáńgà náà wà fún nìyẹn. Bàbá Alàgbà ni àlejò, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi ti Bàbá àgbà, ẹni tí àwọn Yorùbá àdúgbò wa máa ń pè bí ogún bá di wàhálà. Ó jẹ atáńgà, ó jẹ búrẹ́dì, ó nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì ní òun kì í pín ilẹ̀ tí òun kò tíì tẹ̀. Gbogbo wa wọ kílàńdò lọ sí PK12, pẹ̀lú Ìyá àgbà tó di ọ̀pá rẹ̀ mú láàárín ẹsẹ̀.

Màmá Pobẹ̀ ti gbálẹ̀ ojúde. Ó ti di ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú: mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò dúdú náà wà lókè rẹ̀. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí mo rò pé olè kì í di ẹrù kí wọ́n tó lé e.

Bàbá Alàgbà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ odò, ó ń fi ọ̀pá wo ìlà pèrègún ẹ̀yìn, èyí tí èmi àti Bàbá àgbà gbìn. Pèrègún náà ga kàn mí léjìká. "Ìlà kan, ìpín méjì," ni Bọ̀ọ̀dá Ẹ́ríìkì wí. "Ìdí méjì. Ẹ̀yìn ni ti ìyá mi, iwájú ni tiwọn. Èmi ò tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe kíá, Bàbá, ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa ń dúró."

Mo ti sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ, mo fẹ́ mọ ohun tí obìnrin náà fi pamọ́ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Láàárín ẹ̀gẹ́ àti eèsún, ìlà pèrègún mìíràn dábùú ilẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Mo pariwo, "Olè! Ó ti pa ààlà tirẹ̀!"

Wọ́n sáré wá. Inú màmá mi dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti dúró ti pèrègún náà, mo rí i pé ó ga ju bàbá mi lọ. Mo fi ọwọ́ kan àwọn òrùka ara rẹ̀, wọ́n ṣù mọ́ra wọn títí lọ sókè. Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn, èjìká mi ló ṣì wà. Mo sì ti gbin tèmi kí obìnrin náà tó gbé ìkòkò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀dà. Ohùn mi rẹlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èyí ti wà kí Màmá Pobẹ̀ tó dé."

"Mais non, rárá o!" ni Bọ̀ọ̀dá Ẹ́ríìkì wí. "Ṣé pèrègún ló wá di ìwé ilẹ̀ báyìí?"

"Ṣé ìwé ló bí ọ?" ni Bàbá Alàgbà fi dá a lóhùn. Ó jókòó sórí kùkùté kan. "Ìlà méjì, ìpín mẹ́ta. Òkú ti pín ogún rẹ̀ kó tó lọ, ìdí mẹ́ta ló sì pín in sí. Bí a bá sì ń pín ìdí-igi, ìyáálé ló ń kọ́kọ́ mú. Èwo ló dára jù nínú ilẹ̀ yìí?"

Gbogbo wa ń wo ọ̀nà ọlọ́dà.

"Ìyá Ṣẹ́gun, ìwọ ni ìyáálé. Orogún rẹ ló lẹ́yìn, olùṣọ́ ló wà níwájú; kí ló dé tí ìpín rẹ fi wà láàárín?"

Ìyá àgbà gbé ọ̀pá rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Ọkọ mi ní àárín ni kí n mú. Mo bi í pé ta ló ni iwájú. Ó ní ẹni tó ni ín ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọ̀nà."

"A ti sọ fún un yín," ni màmá mi wí. "Ìyàwó kọ̀rọ̀ ni."

Bàbá Alàgbà yíjú sí i, ẹ̀rín wà ní igun ẹnu rẹ̀. "Ìyàwó, kí ni orúkọ àbúrò ọkọ rẹ tó dúró yìí?"

"Akọ̀wé ni mò ń pè wọ́n, Bàbá."

"Mo ní orúkọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ mi ni wọ́n."

"Bí wọ́n bá fún ọ ní ilẹ̀ yìí tòdò-tòdò ńkọ́?"

"N ò pè é, Bàbá."

"Ó dára. Obìnrin yìí, kí ló ń pe ọkọ rẹ?"

Màmá mi yíjú sí obìnrin náà. Atẹ́gùn fẹ́ wọ inú ẹ̀gẹ́. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn lójú màmá mi díẹ̀díẹ̀: ìyàwó ilé wo ló ń pe ọmọ ọkọ ní Ṣẹ́gun? Ta ló sì ń pe aya ọmọkùnrin ilé ní Ìyàwó, bí kì í bá ṣe ọmọ ilé tó jù ú lọ? Létí wa ni ẹ̀rí náà ti ń kọjá ní gbogbo Sátidé. Nítorí pé ará Bẹ̀nẹ̀ ló ń sọ ọ́, ìwọ̀sí la gbọ́.

"Ta ló bí ọ?" ni Bàbá Alàgbà bi Màmá Pobẹ̀.

"Ẹni tó gbin èyí," ó sì fọwọ́ kan pèrègún. Ó ní orúkọ òun ni Àṣàkẹ́. Bàbá àgbà ti ṣe káfíńtà ní Pobẹ̀ kí ó tó wọkọ̀ ojú omi wá sí Gàbọ́n. Ibẹ̀ ni ó ti fẹ́ ìyá òun, ìyá náà sì kọ̀ láti gun omi. Nígbà tí ó padà lọ wá ìyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àna onígbàgbọ́ ní àwọn kò lè fi ọmọ fún ẹni tó ti níyàwó. Ó ní òun kò ní. Irọ́ náà kò ṣeé gbé sọ̀ kalẹ̀ mọ́. "Bàbá ní bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ẹ ó ní ilẹ̀ ni mo wá gbà. Ó ní kí n dúró, pé ẹni tó bá mọ ogún pín yóò bi mí. Mo rò pé ẹ ò ní mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá. Mo ti di ẹrù mi tán."

Orúnkún màmá mi kanlẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó gbà. Mo mọ̀ pé kò tíì gbà, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó. Bàbá mi lọ tú ẹrù náà fúnra rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ẹ́ríìkì rìn lọ sí etí ọ̀dà, ó ń bá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Faransé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìyá àgbà nìkan ló jókòó sójú kan. Àárọ̀ yẹn ló jí gẹ́gẹ́ bí ìyáálé; ó sì padà sí Venez-Voir láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú kílàńdò, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Atáńgà yẹn níyọ̀ jù."

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe nísinsìnyí, ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé fún mi ni mo máa ń ṣe: mo ń tọ ìran àwọn èèyàn wa tó kọ́kọ́ dé Libreville, nípasẹ̀ ìwé ilẹ̀ àti ìwé ogún. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ onílẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò, orúkọ ẹlẹ́rìí ni, nítorí ẹbí ni èèyàn máa ń mú lọ jẹ́rìí. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ọ pààlà ní ìhà mẹ́ta kì í ṣe aládùúgbò lásán. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ "olùsè" síwájú orúkọ obìnrin nínú ìwé kan, kí n lọ wá ìtẹ̀ka rẹ̀ nínú ìwé ogún, nítorí ó lè jẹ́ ìyàwó. Bí mo bá rí ìwé tó mọ́ jù, tí kò sí àríyànjiyàn kankan nínú rẹ̀, ara mi kì í balẹ̀. Títí di òní ni mo ṣì ń fura sí Bàbá àgbà náà. Pèrègún rẹ̀ sọ òtítọ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìdí mẹ́ta péré ni òtítọ́ rẹ̀ mọ.

Láìpẹ́ yìí, àwọn awọnlẹ̀ ti ọ̀pá sìmẹ́ńtì bọ ilẹ̀ PK12, wọ́n ní kí a mú àwọn ajogún wá kọ orúkọ. Nínú gbogbo bébà tó wà nílẹ̀, kò sí ibi tí orúkọ Àǹtí Àṣàkẹ́ wà. Bí kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ojúde náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ti darúgbó. Bàbá Alàgbà ti kú, Ìyá àgbà ti kú. Ajogún ni bàbá mi, kò lè jẹ́rìí. Ó ku màmá mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀ wo ìyá arúgbó méjì tí mo kó wá, ó sì sọ fún màmá mi ní Faransé pé kí ó sọ orúkọ obìnrin tó jókòó tì í.

"Olójúde," ni màmá mi wí. Orúkọ tó ti ń pè é láti ọjọ́ ìpín nìyẹn.

Ọkùnrin náà wo ìwé rẹ̀. "Madame, orúkọ rẹ̀ gan-an."

Màmá mi yíjú sí mi. "Sọ fún un pé mi ò lè pè é."

"Ìyàwó, pè é jàre," ni Àǹtí Àṣàkẹ́ wí, tó ń rẹ́rìn-ín láìléyín. "Mo yọ̀ǹda."

"N ò pè é."

Ọkùnrin náà gbé gègé sílẹ̀. Ó wo màmá mi, ó wo àǹtí, ó wo èmi, mo sì dá ojú yẹn mọ̀. Ojú mi ni, nínú oko ẹ̀gẹ́, nígbà tí mò ń wá olè. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ì bá ti sọ fún un pé àwọn obìnrin wọ̀nyí ń fi nǹkan pamọ́, kí ó má ṣe gbà wọ́n gbọ́. Èmi tó ti ka ìwé ogún títí ojú ń ro mí, mi ò rí ẹ̀rí tó lágbára ju ẹnu pípadé ìyá yìí lọ rí, ìyá tó fura sí gbogbo ayé.

Mo ṣàlàyé àṣà náà fún un, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ó ti jẹ́ ìwà mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀, ó sì ní kí èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilé sọ ọ́. Mo sọ ọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: Àṣàkẹ́. Màmá mi ti kọjú sí fèrèsé, ó fi etí gèlè bo etí, kí ó má baà gbọ́ ọ.